Orúkọ Tí Ọkọ Mi Pè Lẹ́yìn Àká

Ọkọ mi kò ṣe nǹkan ńlá kankan láyé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ná kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó máa retí ìtàn ọba. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe lábẹ́ igi kan lọ́jà wa níbí, létí adágún Lolwe nílẹ̀ Luo, ní Kenya, láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí tí èémí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Táyà tó jò, ṣéènì tó já, ìjókòó tó yẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ràn ẹja ngege, ó sì kórìíra omena, ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún, bẹ́ẹ̀ omena gbígbẹ ni èmi ìyàwó rẹ̀ ń tà. A fi ọ̀rọ̀ yẹn jà títí a fi darúgbó.

Orúkọ rẹ̀ ni Wilikini.

Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Gbogbo èèyàn ló ń rín. Ọmọ Luo pọ́ńbélé, baba rẹ̀ ń jẹ́ Rabuor, baba baba rẹ̀ ń jẹ́ Nyakwaka, òun wá ń jẹ́ Wilikini! Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ ọ́ lọ́kàn yín pé ìjọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Rárá o. Ìjọ gan-an ló kọ orúkọ náà. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bí i, ó ń ké. Igbe ebi kọ́, igbe ibà kọ́. Ní tiwa, bí ìkókó bá ń ké báyẹn, a mọ̀ pé òkú kan nínú ẹbí ló wá gba orúkọ. Àgbà obìnrin kan á jókòó tì í, á máa pe àwọn òkú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọmọ bá dákẹ́ sí ni tirẹ̀ títí ilẹ̀ á fi gbà á. Wọ́n pe àwọn baba ńlá, wọ́n pe àwọn ìyá ńlá, wọ́n pe àwọn tó kú sójú ogun àtàwọn tó kú sórí ẹní. Ọmọ ò gbọ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin kan wà níbẹ̀, onísọkúsọ tó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín nílé òkú pàápàá. Ó ní, "Àbí òyìnbó tó kú sódò níjọ́sí ló fẹ́ ni? Wilikini, ṣé ìwọ ni?" Ọmọ dákẹ́ pátápátá. Ó tiẹ̀ tún yán.

Òyìnbó yìí ni pásítọ̀ àkọ́kọ́ níbí. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn, pẹ̀lú fìlà ńlá kan tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Ilé tó bá ti gbọ́ pé wọ́n ń pe òkú fún ìkókó, á wọlé, á tú wọn ká, á ní iṣẹ́ èṣù ni, ẹni tó bá kú kì í padà wá. Ọkọ̀ ojú omi dojú dé pẹ̀lú rẹ̀, ó rì. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n bí ọkọ mi. Ẹni tó ní òkú kì í padà ló wá padà, ilé wa ló sì yà sí! Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí, nígbà tó yá ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán.

Wọ́n gbé e lọ fún ìrìbọmi. Òyìnbó mìíràn ti dé. Ó béèrè orúkọ, wọ́n ní Wilikini. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Nígbà tí ẹnì kan wá ṣàlàyé ọ̀nà tí orúkọ gbà dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní wọ́n ti sọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run di òrìṣà, òun ò ní fi ẹnu òun pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lórí omi mímọ́. Zefania ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní Zefania rí, àfi pásítọ̀.

Nítorí náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ kèfèrí ni. Nígbà tí òmìnira dé, tí gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ń bọ́ orúkọ òyìnbó sọnù, ó tún di ẹrú òyìnbó. Àwọn ọmọkùnrin ọjà á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ní, "Ọ̀gá Wilikini, fìlà yín dà?" "Ọ̀gá, ẹ wá gba owó orí!" Òun á kàn tẹrí ba síbi pọ́ńpù rẹ̀. Ìgbà kan wà tó sú u, ó bẹ gbogbo ọjà pé kí wọ́n máa pe òun ní Rabuor, orúkọ baba òun. Wọ́n gbà. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè dìde. Ìyá rẹ̀ ló ti oko dé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó pariwo pé, "Wilikini, dìde!" Ó dìde, ó ní kí wọ́n fún òun lóúnjẹ. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti dán an wò mọ́. Orúkọ náà ti há mọ́ ọn lára, kò ṣeé wọ̀ dáadáa, kò sì ṣeé bọ́.

Èmi ò pe orúkọ yẹn rí. Obìnrin kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀, "ẹ̀yin yẹn" ni mò ń wí. Nígbà tí mo bímọ, ó di Baba Odera. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Odera nìkan ni ọmọkùnrin wa. Ó kàwé, ó kàwé títí ó fi di olùkọ́ ní Nairobi. Ìjọ sọ ọ́ ní Klementi, ó ti jù ú nù, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ wá gùn ún. Bó bá ti délé, kò tíì mu omi, á ti bẹ̀rẹ̀.

"Baba, òkú òyìnbó lẹ̀ ń gbé kiri. Ẹ ò mọ̀ ni?"

Baba rẹ̀ á ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Nínú ilé tèmi, ọmọ kankan ò ní jẹ́ orúkọ yẹn. Láéláé! Kódà lẹ́yìn ikú yín, ẹ má bínú o, Baba, mi ò ní sọ ọmọ mi ní Wilikini."

"Ó dáa."

Èmi ni mo dáhùn lọ́jọ́ náà. Mo mú orógùn tí mo fi ń ro kuon, òkèlè àgbàdo wa, lọ́wọ́, mo ní, "Odera, táyà tí bàbá ẹ lẹ̀ ló rán ẹ nílé ìwé. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ yẹn, táyà ni! Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ kí n tó fi èyí là á." Ọkọ mi ní kí n fi ọmọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Ọkùnrin tó bá kú lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló máa ń gba orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó wá sáyé. Tirẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti pa á lójú ayé rẹ̀.

Akeyo ìyàwó Odera wá lóyún. Odera gbé e wálé. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan máa béèrè orúkọ onígbàgbọ́ lọ́wọ́ òun nílé ìwòsàn ìlú ńlá. Ilé ni wọ́n á ti bí ọmọ òun, àwọn òkú wa ni wọ́n á sì sọ ọ́ lórúkọ, bó ṣe yẹ. Inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá ẹja pamọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi ti àwo kuon rẹ̀ sẹ́yìn.

"Kí ló dé, Baba Odera? Ngege ni o, omena kọ́."

"Mo lálàá."

"Àlá wo?"

"Ẹnì kan gbé kẹ̀kẹ́ wá, táyà rẹ̀ jò. Ó ní kí n bá òun lẹ̀ ẹ́ kíákíá, òun ń bọ̀ nílé wa."

"Ẹ bá a lẹ̀ ẹ́?"

"Mo ní gọ́ọ̀mù mi ti tán."

"Ta ni ọ̀hún?"

Ó fọwọ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ó dé fìlà ńlá," ló wí, ó bá gba ọjà lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbọ́ pé ó dé irú fìlà yẹn ládùúgbò yìí, inú omi ló sì kú sí.

Akeyo bí ọkùnrin. Ọmọ dúdú minimini, ó sì kún fún irun. Ó kọ́kọ́ sùn bí ọmọ gidi, ká tó mọ̀ ó ti figbe ta. Siprosa, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló wá jókòó tì í. Opó ni Siprosa, tábà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí òkú ilé yìí tí kò mọ̀. Ó mọ èyí tó ń hanrun nínú wọn. Odera jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Rabuor, ṣé ìwọ ni? Bó bá jẹ́ ìwọ ni, gba ọmú kí o sinmi." Ọmọ ké. "Nyakwaka, àgbà ajagun, ṣé ìwọ ni?" Ọmọ ké. Ó pe gbogbo wọn. Nígbà tí tàwọn ọkùnrin tán, ó pe tàwọn obìnrin. Odera ní kí ó pe àwọn akọni ilẹ̀ adúláwọ̀ kan tí òun kà nípa wọn.

"Ṣé ilé wa ni wọ́n ti kú?" ni Siprosa bi í.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n Baba, ṣùgbọ́n…"

"Tóò, kí ni wọ́n ń wá wá sí ilé onílé? Pa nǹkan ẹ yẹn, ó ń kùn sí mi létí."

Igbe ò dáwọ́ dúró. Ọmọ ò gba ọmú mọ́. Ọmú Akeyo le bí òkúta, òun náà ń sunkún. Ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú, ohùn rẹ̀ ti ha. Nọ́ọ̀sì tó wà lọ́jà wá wò ó, kò rí nǹkan kan. Siprosa wá tu tábà, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òkú kan kù tá ò tíì pè. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n."

Odera dìde. "Ẹ̀gbọ́n Baba, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pè é! Ẹni tó bá da orúkọ òyìnbó lé ọmọ mi lórí nínú ilé yìí, màá gbé ìyàwó mi, màá gbé ọmọ mi, ojú yín ò ní kàn wá mọ́. Mo ti sọ ọ́."

Ọmọ ń ké lọ. Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, òróró kẹ̀kẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ náà títí, ó wọlé, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Akeyo.

"Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i," ló wí, ó bá gbé e jáde.

Mo dúró díẹ̀, mo ní mò ń lọ ṣa igi ìdáná. Ẹ̀yìn àká ni igi wà. Kí n tó yọ sí i ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo bá dúró.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?" Òyìnbó yẹn ló ń bá wí. "Kí ni mo fi ṣe ọ́ gan-an? Láti ìkókó ni mo ti gbé ọ. Ìjọ rẹ kọ̀ mí nítorí rẹ. Àwọn ọmọ kékeré fi mí ṣẹlẹ́yà nítorí rẹ. Mi ò ráhùn. Ara mi ṣì wà níbí, dúró sínú ẹ̀. Fi èyí sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, fi èyí sílẹ̀, kò mọ nǹkan kan."

Ọmọ ń ké, igbe rẹ̀ ti dà bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Mo gbọ́ tó ní, "Orúkọ wo ni mo fẹ́ fi tàn ọ́? O ò gba ẹ̀tàn." Ó tún rìn lọ, ó tún rìn bọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹnu sí ọmọ létí, ó pe orúkọ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Wilikini."

Ẹ gbà mí! Igbe dúró. Adìẹ kan ló ń tan ilẹ̀ lábẹ́ àká, òun nìkan ni mò ń gbọ́.

Nígbà tí mo yọ sí i, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó wò mí.

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"O ò gbọ́."

Mo wo ọmọ tó ti ń sùn lọ. Mo ní, "Mi ò gbọ́."

Odera sáré pàdé wa lágbàlá. "Ó dákẹ́! Baba, èwo ni? Orúkọ wo lẹ pè?" Ọkọ mi wo ọmọ, ó wo Akeyo tó ti ń tú bọ́tìnnì ẹ̀wù láti fún un lọ́mú, ó wá wo ọmọ tirẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Nyakwaka," ló wí.

Odera fò sókè. Ó jó! Nyakwaka tó fi ọ̀kọ̀ lé àwọn agbowó orí òyìnbó àkọ́kọ́ padà, ta ni ì bá tún jẹ́? Ó ń lu àyà rẹ̀, ó ń pariwo pé ẹ̀jẹ̀ ò lè purọ́. Siprosa nìkan ni kò dìde.

"Mo pe Nyakwaka láàárọ̀," ló wí. "Etí gbogbo yín ni. Ọmọ yìí fi ké mọ́ mi lójú."

Ọkọ mi ní, "Tábà wà lẹ́nu yín. Ẹnu yín ò mọ́ nígbà tẹ́ ẹ pè é."

"Èmi? Ẹnu mi?" Ó bínú débi pé kò bá ẹnikẹ́ni jẹun lọ́jọ́ náà. Gbogbo ilé ń fi í rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run má ka ẹ̀rín yẹn sí mi lọ́rùn.

Odera gbé wọn padà sí Nairobi, ó ń fi Nyakwaka yangàn láàárín àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ò gbàgbé ohun tó wá gbà. Bí igbe bá tún dé, dókítà ò ní rí nǹkan kan, Akeyo á wọkọ̀ wálé. Ọkọ mi á gba ọmọ lọ sẹ́yìn àká. Wọ́n á padà, ọmọ á ti máa rẹ́rìn-ín, á gba ọmú bí ẹran. Odera ní baba òun fẹ́ràn ọmọ jù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà. Ọkọ mi ò lè jìnnà sílé mọ́. Wọ́n pè é síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mombasa, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Irọ́ ni, ẹsẹ̀ kankan ò dùn ún! Ẹ̀rù ló ń bà á pé kí igbe má dé nígbà tí òun ò sí. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká yẹn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó.

Mi ò lè pa á mọ́ra títí. Mo ní, "Baba Odera, ẹ sọ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ẹ sọ òótọ́. Odera á pariwo, á rẹ̀ ẹ́, á dákẹ́."

"O mọ ọmọ ẹ. Ilé yìí ló máa fi sílẹ̀."

"Kó fi í sílẹ̀! Ẹ̀yin ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá kú, ta ni wọ́n á fi orúkọ yín pè? Ọmọ tó wá jẹ́ orúkọ yín rèé, ẹ sọ ọ́ ní nǹkan mìíràn. Ẹ fẹ́ parẹ́ ni?"

Táyà kan wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tó ti ń jò. "Ìyá Odera, o ò mọ bó ṣe ń rí kí àwọn ọmọdé máa béèrè fìlà lọ́wọ́ rẹ. Jẹ́ kó parí sórí mi. Kí wọ́n sin òyìnbó yẹn pọ̀ mọ́ mi, kí ọmọ náà lè mí."

"Wọ́n á sin ẹ̀yin náà mọ́ ọn."

"Kó rí bẹ́ẹ̀."

Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà ju bó ṣe bí mi sí i rí lọ. Mo se omena fún un lálẹ́, ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, tí a mọ̀ pé kò ní dìde mọ́, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní pe orúkọ yẹn létí ọmọ. Mo ní, "Èmi tí mi ò pè é rí láyé mi? Ẹ sùn jàre." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó lọ.

Odera kó ìyàwó àtọmọ rẹ̀ dé. Ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn, ó ti ń rìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òkú síta lágbàlá, tí mo jókòó tì í, ni ọmọ ti ń ké lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo àwọn obìnrin ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Nyakwaka, ó tó. Nyakwaka, wo mọ́tò." Kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wá délẹ̀ lórí orúkọ tí wọ́n á kọ sára àgbélébùú sàréè rẹ̀. Pásítọ̀ ìsinsìnyí, ọmọ wa ni, mo mọ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Zefania ló wà nínú ìwé ìjọ. Zefania la máa sin."

Odera ní, "Ẹ ò ní lẹ orúkọ àjèjì mọ́ baba mi nínú ikú. Ọmọ Rabuor la máa kọ síbẹ̀."

"Ọmọ Rabuor kì í ṣe orúkọ, Olùkọ́. Àwọn ọmọ Rabuor pọ̀."

"Ó sàn ju tiyín lọ."

Wọ́n ń jà á lórí ọkọ mi. Orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n dúró sí! Èyí ní Zefania, èyí ní ọmọ Rabuor, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń jẹ́. Gbogbo ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ wá sí òkú yẹn, òun ló tún kẹ̀kẹ́ wọn ṣe, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n tẹrí ba. Inú ń bí mi. Mo rántí ìlérí mi. Mo gé ètè mi jẹ. Mo ní, obìnrin yìí, o ti ṣèlérí, dákẹ́.

Wọ́n wá gbé pósí sókè. Mo rí i tó ń lọ. Ẹkún ló gbé mi, èrò kankan ò sí níbẹ̀. Orúkọ tí mi ò pè rí láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkùnrin náà ló já jáde lẹ́nu mi.

"Wilikini! Wilikini o! Ṣé bó o ṣe ń lọ nìyẹn? O ò dúró dè mí? Wilikini!"

Ọmọ dákẹ́.

Ó dákẹ́ lójijì débi pé àwọn tó gbé pósí wẹ̀yìn. Ó yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ wá sọ́dọ̀ mi láàárín gbogbo ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn, ó gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n?" bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè ṣe ń dáhùn.

Siprosa tu tábà. "Ẹnu mi tí kò mọ́ dà?" ló ń pariwo. "Ẹ wá wò ó o! Ẹnu ta ni kò mọ́?"

Odera ti wà níwájú mi. "Ìyá, kí lẹ pè?"

"Orúkọ ọkọ mi."

"Ẹ tún un pè."

Mo wo pósí. Mo ní, Baba Odera, ẹ forí jì mí. Mo pè é, kò lọ sókè rárá, ohùn mi ti lọ. Ọmọ ní, "Ẹn-ẹ́n," ó sì rẹ́rìn-ín sí mi.

"Láti ìgbà wo?" ni Odera béèrè.

"Láti ẹ̀yìn àká."

Ọmọ mi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo rí i bó ṣe ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ẹ̀yìn àká, ìrìn Mombasa tí baba rẹ̀ kò lọ, gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sórí ebè yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú sàréè, pẹ̀lú aṣọ dáadáa rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dà bíi tìgbà tó wà lọ́mọdé.

"Ìyá, orúkọ ta ni? Òyìnbó yẹn ni, àbí Baba?"

Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní, "Òyìnbó yẹn lò ó díẹ̀, ó bá a rì sómi. Bàbá ẹ ló jẹ́ ẹ títí ó fi gbó. Mú èyí tó bá wù ẹ́."

Pásítọ̀ sin ọkọ mi ní Zefania, Odera sì kọ ọmọ Rabuor sára àgbélébùú, ó ṣì wà níbẹ̀. Ní tilé níbí, gbogbo èèyàn ti mọ̀. Siprosa ò tiẹ̀ pe ọmọ náà ní nǹkan mìíràn ju Wilikini lọ, ariwo ló ń fi pè é, kí wọ́n lè gbọ́ ọ dé ọjà.

Akeyo wá kí mi nígbà ìkórè. Mo bi í bóyá ọmọ ṣì ń ké. Ó ní ó máa ń ké lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Odera á ní ooru ló mú u, á gbé e gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, á ní kí òun má tẹ̀lé àwọn. Wọ́n á pẹ́ díẹ̀, ọmọ á ti sùn kí wọ́n tó padà.

"Ìyá, ẹ mọ ohun tó máa ń sọ fún un," ló wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, á wo òsì, kí àwọn olùkọ́ tó ń gbé ní tòsí wa má baà gbọ́. Nyakwaka ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí."

Mo bi í pé ṣé àká wà nílé wọn ní Nairobi ni. Ó ní rárá o, ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí ló máa ń gbé e lọ.